Ọdún Mẹ́wàá Tí Wọ́n Kọ Sórí Orúnkún Ọkọ Mi

Ní ọdún díẹ̀ kí orílẹ̀-èdè wa tó gba òmìnira, yàrá kan ni èmi àti ọkọ mi ń gbé ní Ìfàkò, nínú ilé kan tó kọjú sí ọ̀nà Agége. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwa méjèèjì ti wá. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní sọ́míìlì kan ní Ìkẹjà, níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú sí pákó. Òun ló ń dúró ti ayùn ńlá tí ẹ̀rọ ń yí, iṣẹ́ tí ènìyàn kì í jókòó ṣe. Láti aago méje òwúrọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, orí ìdúró ni. Èmi ń ta òwú, abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnnì fún àwọn télọ̀. Inú àwo fífẹ̀ kan ni mo ń kó wọn sí, tí mo fi ń kiri láti Ìfàkò dé ìdí ojú irin ní Agége, pẹ̀lú ọmọbìnrin wa tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì lẹ́yìn mi.

Ọjọ́ ìsanwó kan ni ọkùnrin inṣọ́ránsì wá sí sọ́míìlì náà. Ọmọ Yorùbá ni, ó wọ ṣòkòtò péńpé funfun àti ìbọ̀sẹ̀ gígùn, ó sì gbé àpò aláwọ kan dání. Ó ṣàlàyé fún wọn pé bí ènìyàn bá ń san owó díẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ òun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lọ́jọ́ tí àìsàn tàbí ìfarapa bá dá a dúró nílé, ilé-iṣẹ́ náà ni yóò máa san ìdajì owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀ fún un títí di oṣù mẹ́fà. Àwọn ẹgbẹ́ ọkọ mi ò kọbi ara sí i. Ọ̀kan nínú wọn ní ẹni tó bá ń sanwó de àìsàn, àìsàn ò ní ṣàì wá ka owó náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ mi gba ìwé náà, ó mú un wálé fún mi.

Èmi ni mo mọ̀wé nínú àwa méjèèjì. Ilé-ìwé àwọn míṣọ́nnárì ni mo lọ nílé, mo sì kà á dé sítáńdáàdì fáìfù kí wọ́n tó ní ó tó gẹ́ẹ́, kí n lọ kọ́ òwò. Ọkọ mi lọ sí ilé-kéú. Ó ń ka Kùránì dáadáa, ó sì lè kọ orúkọ ara rẹ̀ ní lẹ́tà àwọn òyìnbó, ó parí síbẹ̀. Mo ka ìwé náà fún un bí agbára mi ti mọ. Ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì mọ ohun tó ń rò. Ní ọdún tó ṣáájú, ikọ́ dá ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wólẹ̀. Kò pé oṣù kan tí wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kó ẹrù àti ọmọ mẹ́rin sínú ọkọ̀, wọ́n padà sí ìlú wọn. Àwa la sìn wọ́n dé ìdíkọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ọkọ mi fọwọ́ sí ìwé náà. Ó sọ fún mi pé, "Ojú tí obìnrin yẹn fi wò wá láti inú ọkọ̀ lọ́jọ́sí, mi ò fẹ́ kí ìwọ fi wo ẹnikẹ́ni."

Ó ti san owó náà fún ọdún kan àti oṣù díẹ̀ nígbà tó ṣubú. Ọjọ́ Sátidé ni, ọ̀sán. Òjò ti rọ̀ dá, ó sì gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Agége. Níbi tí títì ti dábùú ojú irin, táyà iwájú há sí àlàfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, kẹ̀kẹ́ dúró, òun ò dúró. Orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ló fi balẹ̀ lórí irin. Àwọn tó ń ta obì nítòsí ló gbé e. Lọ́rì tó fẹ́ kó obì lọ sí ìdí ọkọ̀ òkun ní Èkó ni wọ́n bẹ̀, òun ló gbé e dé ọsibítù. Kí ìròyìn tó dé ọ̀dọ̀ mi, kí n tó wọ ọkọ̀ ojú irin, kí n tó wá ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí, wọ́n ti wò ó tán, wọ́n ti bi í ní gbogbo ìbéèrè tí wọ́n fẹ́ bi í. Ó ti sùn. Wọ́n ti fi ẹfun funfun di ẹsẹ̀ rẹ̀ láti itan dé kókósẹ̀, ó le bí ògiri. Nọ́ọ̀sì kan sọ fún mi pé ọmọrí orúnkún rẹ̀ ti là sí méjì.

Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, dókítà ní kò gbọdọ̀ dúró sídìí iṣẹ́ kankan fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán. Òyìnbó tó ni sọ́míìlì náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ní òun á fi àyè ọkọ mi sílẹ̀ dè é fún oṣù mẹ́ta, ṣùgbọ́n òun ò lè sanwó fún ẹni tí kò sí nídìí ayùn. A ò bínú sí i, nítorí a ní ìwé tiwa. Ọkùnrin inṣọ́ránsì wá sílé, ó kọ gbogbo ohun tó yẹ ní kíkọ, ó gba ọkọ mi níyànjú pé kó fi ọkàn balẹ̀. Mo rántí pé mo se ìrẹsì fún un lọ́jọ́ náà, ó sì jẹ ẹ́ tán.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé. Gbólóhùn mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti gba ìwé láti ọsibítù, ìwé náà sì fi hàn pé orúnkún yẹn ti ń ṣàìsàn tipẹ́tipẹ́ kí ọkọ mi tó fọwọ́ sí ìwé. Àìsàn àtijọ́ kò sí nínú àdéhùn. Wọ́n ní ó dùn wọ́n.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó lè sọ ọ́ ní Yorùbá. Ọkọ mi jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí àga kékeré. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ó ní kí n tún un kà, mo tún un kà. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ohun tí mo kábàámọ̀ títí di òní.

"Ẹ má bínú," mo ní, "ṣé orúnkún yìí ò dùn yín rí tẹ́lẹ̀, tí ẹ ò sọ fún mi?"

Ó wò mí. "Ìwọ náà?" ó ní.

Ó yí ojú sí ìta. Èmi pàápàá ò mọ ibi tí ìbéèrè náà ti wá. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń bá ọkùnrin yìí gbé, mi ò gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní ẹ̀rọ, tó ní òǹtẹ̀ pupa nísàlẹ̀, ó ní bó ṣe máa ń ṣe ènìyàn. Ó máa ń jẹ́ kéèyàn rò pé ìwé ò lè ṣìnà, ènìyàn nìkan ló ń ṣìnà. A jẹun alẹ́ ọjọ́ náà láìbá ara wa sọ̀rọ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tó kírun tán, ó pè mí. Ó ní kí n jókòó, kí n bi òun ní gbogbo ohun tí mo fẹ́ bi òun, kó tó di pé mo bá ẹlòmíràn sọ ọ́. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ò bínú, ẹ̀rù ló bà mí. Ó wá ní, "Bí ẹ̀rù bá ti kúrò lára rẹ, kọ̀wé sí wọn."

Mo kọ̀wé sí wọn. Òru ò tó mi, ọ̀sán ò tó mi, nítorí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mo mọ̀ kò ju ti inú ìwé kíkà àwọn ọmọdé lọ. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó mọ́. Mo sọ pé orúnkún ọkọ mi kò ṣàìsàn rí, pé kẹ̀kẹ́ ló gbé e ṣubú lójú irin, pé àwọn olóbì ní Agége lè jẹ́rìí sí i. Ìdáhùn wọn kò gùn tó ìlà méjì. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ti parí.

Ọkùnrin inṣọ́ránsì kò wá sọ́dọ̀ wa mọ́. Bí mo bá rí i lókèèrè, yóò yà sí ọ̀nà míràn. Mo wá lọ bá a nílé rẹ̀ ní Agége ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, nígbà tí kò níbi tí yóò yà sí. Ojú tì í. Ìyàwó rẹ̀ fún mi ní omi. Mo sọ fún un pé mi ò wá bá a jà, mo kàn fẹ́ mọ ibi tí a ó gbà ni. Ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ń bẹ̀rù kí ògiri má gbọ́.

"Ìyàwó," ó ní, "lẹ́tà ò lè ṣe é. Lẹ́tà yín ń lọ sínú fáìlì ni. Ìwé ọsibítù yẹn gan-an ni kí ẹ ní ẹ fẹ́ fojú rí. Ẹ̀tọ́ yín ni. Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ wá ibì kan jókòó sí."

Mi ò tíì gun òkè ilé òyìnbó rí kó tó di ọ̀sẹ̀ náà. Ọ́fíìsì wọn wà ní Èkó, ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì ilé kan tó kọjú sí omi. Mo gbé ọmọ pọ̀n, mo gbé àwo bọ́tìnnì mi dání, mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní Agége, mo bọ́ sílẹ̀ ní Ìddó, mo fi ẹsẹ̀ rin afárá kọjá. Akọ̀wé tí mo bá níbẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó so táì mọ́ ọrùn. Ó ní ọkọ mi ló ni ìwé, kí ọkọ mi wá fúnra rẹ̀. Mo ní ọkọ mi ò lè gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ìyẹn gan-an ni ẹjọ́ tí a ń rò lọ́dọ̀ wọn. Ó ní òun ò lè ṣe nǹkan kan. Mo wá jókòó sórí bẹ́ńṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Mo jókòó títí wọ́n fi pa ọ́fíìsì dé nírọ̀lẹ́. Ọmọ mi sùn, ó jí, ó jẹun, ó tún sùn. Kò sẹ́ni tó lé mi. Lọ́jọ́ kejì, mo tún padà wá, mo jókòó sí ibi kan náà. Nígbà tó di ọ̀sán, akọ̀wé náà dìde, ó wọ yàrá inú, ó mú fáìlì kan jáde. Ó ní òun á ka ìwé náà sí mi létí, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kúrò nínú ilé.

"Ẹ ṣé," mo ní, "ẹ jẹ́ n kà á fúnra mi."

Ó wo àwo bọ́tìnnì mi, ó wo ọmọ tó wà lẹ́yìn mi, ó gbé fáìlì náà fún mi. Ìwé kan ṣoṣo ni, dókítà ló sì fi ọwọ́ kọ ọ́. Ó sọ bí orúnkún ṣe là, bí wọ́n ṣe dì í, oògùn tí wọ́n fún un. Nísàlẹ̀ pátápátá, ìlà kan wà níbẹ̀ tó ní aláìsàn sọ fúnra rẹ̀ pé orúnkún náà ti ń yọ òun lẹ́nu fún ọdún mẹ́wàá.

Mo ní kí akọ̀wé yá mi ní pẹ́ńsùlù. Mo kọ ìlà náà bó ṣe rí sẹ́yìn páálí tí wọ́n ń rán bọ́tìnnì mọ́, mo dúpẹ́, mo lọ.

Nínú ọkọ̀ ojú irin, ọkàn mi ò balẹ̀. Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ohun tí dókítà lè jókòó kó dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹnì kan ló sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo ti pinnu pé mi ò ní bi ọkọ mi ní irú ìbéèrè ọjọ́ yẹn mọ́. Nígbà tí mo délé, mo kàn ka ohun tó wà lẹ́yìn páálí náà fún un.

Ó ní kí n tún un sọ. "Ọdún mẹ́wàá," mo ní.

Ó gbé orí sókè, ó ń wo àjà. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ṣubú. Ó ní òótọ́ ni, òun sọ ọdún mẹ́wàá. Dókítà òyìnbó náà ní kí wọ́n bi òun bóyá orúnkún náà ti ṣe òun ní nǹkan rí. Òun wá dáhùn pé ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí òun ti ń gun kẹ̀kẹ́, orúnkún òun ò fara pa rí. Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún dókítà. Kì í ṣe Yorùbá. Ọkùnrin gíga kan ni, àpá iná wà ní apá rẹ̀ òsì, ó sì ń sọ Yorùbá bí ẹni tó ń ṣà á nílẹ̀.

Ọjọ́ Ajé ni mo lọ sí ọsibítù náà. Mo rí ọkùnrin náà níbi tó ti ń ti ibùsùn onírin kan lọ. Nígbà tí mo sọ ẹni tí mo jẹ́, ó rántí ọkọ mi lójú ẹsẹ̀, ó sì bi mí bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń ṣe. Mo sọ ohun tó mú mi wá. Mo ka ìlà náà fún un, mo sì sọ ohun tí ọkọ mi ní òun sọ. Ó ti ibùsùn náà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ.

"Ìyá, èmi gbọ́ 'ọdún mẹ́wàá'," ó ní. "Èmi gbọ́ 'orúnkún'. Àárín rẹ̀, èmi ò gbọ́."

Ó ní nígbà náà, òun ò tíì pé ọdún kan ní Èkó, Yorùbá tí òun gbọ́ kò ju ti inú ọjà lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó gbọ́ ọ dáadáa kò sí níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà. Ẹ̀rù bà á. Ó ní bí òun bá lọ sọ pé òun ti ṣi ọ̀rọ̀ aláìsàn kan gbọ́, wọn á béèrè pé mélòó ni òun tún ti ṣì gbọ́, òun sì ní ìyàwó, òun ní ọmọ. Ohun tó ń bẹ̀rù ni ohun tó ti dé bá wa. Mo sọ fún un pé mi ò ní fi agbára mú un. Ó ní kí n padà wá ní Ọjọ́bọ̀, òun á ti ronú.

Mo délé, mo sọ fún ọkọ mi pé mi ò rò pé yóò ṣe é. Ọkọ mi ní òun ò mọ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n gbé òun dé ibẹ̀, ọkùnrin náà ló di òun lọ́wọ́ mú nígbà tí wọ́n ń na ẹsẹ̀ náà, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ títí wọ́n fi ṣe é tán. Ó ní kí n lọ ní Ọjọ́bọ̀.

Mo lọ. Ẹnu géètì ni mo ti bá a. Ó ti ń dúró dè mí, àpò ìwé funfun kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò dúró de Ọjọ́bọ̀ rárá. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ló ti lọ bá dókítà. Dókítà bi í pé ṣé ó dá a lójú pé ọkọ mi ò sọ ohun tí wọ́n kọ. Ó ní rárá, kò dá òun lójú, nítorí náà ni òun fi wá, nítorí ohun tí kò bá dá ènìyàn lójú kò yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnì kan sọ ọ́. Dókítà kò bú u. Ó lọ mú àwòrán egungun ọkọ mi, ó gbé e sí ojú iná, ó sì wò ó fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní egungun náà mọ́ yípo, kò sí àìsàn àtijọ́ kankan lára rẹ̀, ìfọ́ tuntun nìkan ló wà níbẹ̀. Ohun tó kọ sínú lẹ́tà tó wà nínú àpò ìwé náà nìyẹn, ó sì ní kí wọ́n yọ ìlà tó wà nísàlẹ̀ ìwé ti àkọ́kọ́ kúrò.

Mo kúnlẹ̀ fún ọkùnrin náà lẹ́nu géètì níbẹ̀. Ó sáré fà mí dìde, ó ní àwọn ènìyàn ń wò wá.

Ọkọ mi náà kò fẹ́ jókòó sílé mọ́. Ó ní kí n gba ìwé wá lọ́dọ̀ òyìnbó sọ́míìlì. Òyìnbó náà wo rẹ́jísítà iṣẹ́, ó sì kọ ọ́ pé láti ọdún mẹ́rin ni ọkọ mi ti ń dúró sídìí ayùn, pé kò pa iṣẹ́ jẹ lọ́jọ́ kan nítorí ẹsẹ̀. Nígbà tí ìwé méjèèjì pé lọ́wọ́ wa, ọkọ mi ní àwa méjèèjì la jọ ń lọ sí Èkó. Mo sọ fún un pé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà ga. Ó ní kó ga.

Ọ̀pá méjì tí wọ́n ń tì sí abẹ́ abíyá ló fi ń rìn. Nígbà tí a dé ìdí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó kó ọ̀pá méjèèjì fún mi, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, ó kọ ẹ̀yìn sí òkè, ó sì ń fi ọwọ́ gbé ara rẹ̀ láti ọ̀kan dé èkejì. Aṣọ funfun ló wọ̀. Mo ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọmọ àti ọ̀pá, mi ò sì lè wo ojú rẹ̀. Ó ti dé àárín nígbà tí akọ̀wé ọjọ́sí gbọ́ ìró wa. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀, ó bọ́ táì rẹ̀ sápò, ó gba abẹ́ apá ọkọ mi, ó sì gbé e dé òkè. Kò mú wa lọ sórí bẹ́ńṣì. Yàrá ọ̀gá pátápátá ló mú wa wọ̀.

Òyìnbó tó ti dàgbà ni ọ̀gá náà. Ó ka lẹ́tà dókítà, ó ka ti sọ́míìlì, ó tún padà sórí ti dókítà. Lẹ́yìn náà ló ní òun fẹ́ gbọ́ ọ láti ẹnu ẹni tó ṣubú gan-an, kí akọ̀wé máa túmọ̀ fún òun. Ọkọ mi sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, láti orí òjò títí dé orí irin. Nígbà tí akọ̀wé ya ẹnu láti túmọ̀, ọkọ mi gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí mo sọ fún èmi fúnra mi ní Yorùbá, kí n gbọ́ bóyá òun náà ni."

Akọ̀wé náà wò mí, mo wo ilẹ̀. Ó tún un sọ ní Yorùbá, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fo nǹkan kan. Ọkọ mi ní ó ṣeun, òun náà ni. Nígbà náà ló wá túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá béèrè ohun tó fa ìdádúró, akọ̀wé sì ṣàlàyé fún un. Òyìnbó náà kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó tẹ orí ba fún ọkọ mi díẹ̀, bí ènìyàn ṣe ń ṣe fún ẹni tó tọ́ sí ọ̀wọ̀. Ó ní àwọn á gbé e yẹ̀ wò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi dúró. Mo ti ń ta ẹrù mi lówó tí kò tó iye tí mo rà á, onílé sì ti ń kí wa bí ẹni tí ń kí àlejò tó fẹ́ lọ. Ọkùnrin inṣọ́ránsì ló mú lẹ́tà náà wá fúnra rẹ̀, ó ń sáré bọ̀ láti ojú títì, àpò rẹ̀ ń lù ú nítan. Wọ́n ti gbà. Wọ́n á san án láti ọjọ́ tí a ti kọ́kọ́ béèrè, títí oṣù mẹ́fà á fi pé. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan péré. Mo nà án sí ọkọ mi. Ó na ọwọ́, ó gba lẹ́tà náà, ó sì ń wo orúkọ ara rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ sórí rẹ̀, ìyẹn nìkan ló lè kà níbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló padà bọ̀ sípò. Oṣù mẹ́ta tí òyìnbó sọ́míìlì fi sílẹ̀ ti kọjá, ẹlòmíràn sì ti wà nídìí ayùn. Orúnkún náà kò ká tán mọ́ láéláé. Bó bá ń kírun, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ a máa wà ní nínà síwájú, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní sàfù, lórí ìlà ìrun, sì mọ̀ pé kí àwọn fi àyè díẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òyìnbó náà ní ẹni tó ń pọ́n eyín ayùn ti fẹ́ padà sí Ìjẹ̀bú, iṣẹ́ tí ènìyàn ń jókòó ṣe ni, ṣé ọkọ mi á kọ́ ọ? Inú rẹ̀ kò kọ́kọ́ dùn sí i. Ó ní iṣẹ́ arúgbó ni. Nígbà tó fi máa pé ọdún kan, ó ti mọ̀ ọ́n débi pé àwọn káfíńtà láti Mùṣín ń gbé ayùn wá bá a nílé lọ́jọ́ Àìkú.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní sọ́míìlì fọwọ́ sí ìwé inṣọ́ránsì lẹ́yìn ìyẹn, títí kan ẹni tó sọ pé àìsàn á wá ka owó mọ́ni lọ́wọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé e wá sọ́dọ̀ mi kí n kà á. Àwọn ìyàwó wọn náà ń gbé ti wọn wá: ìwé onílé, ìwé ilé-ìwé ọmọ, lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ àbúrò tó wà lókè òkun. Mo ń kà á, mo ń kọ èsì, nígbà míràn mo sì ń bá wọn lọ. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó ju ìmọ̀ mi lọ. Mo máa ń dọ́gbọ́n fò wọ́n, kò sì dùn mọ́ mi nínú.

Ọkọ mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó ní àwọn tíṣà kan ti bẹ̀rẹ̀ kíláàsì ìrọ̀lẹ́ fún àgbàlagbà ní Agége, nínú ilé-ìwé tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin, kí n lọ parí sítáńdáàdì síìsì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Mo ní ta ni yóò dúró ti ọmọ. Ó ní iṣẹ́ òun kúkú ti di iṣẹ́ ìjókòó.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, ó bá mi rìn dé ibẹ̀, ó gbé ọmọ sí apá kan, ọ̀pá kan ṣoṣo ló sì kù lọ́wọ́ kejì. Àga inú kíláàsì náà kéré, àwọn ọmọdé ni wọ́n kàn án fún. Mo jókòó síbi tó súnmọ́ wíńdò. Tíṣà béèrè orúkọ kálukú, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ń ka ti kálukú padà sí i létí kó tó kọjá sí ẹlòmíràn. Nígbà tó kan èmi, mo sọ orúkọ mi, ó kà á padà, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí á ṣí ìwé wa.